Omi Ọ̀sà Ni Mo Fi Po Kọnkéré Ilé Àbúrò Mi

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ẹ kàn gbọ́ ọ ná. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Àwọn ará ilé mi ti ṣáájú yín, èébú tiwọn ò sì tíì tán.

Melali ni orúkọ mi. Erékùṣù wa ní Tuvalu kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín létí òkun, ẹni tó wà létí ọ̀sà á ní kó pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ máa ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì, ìyẹn tí òkun bá gbà. A ò ní odò. Omi kànga wa kò ṣeé mu. Òjò ló ń fún wa lómi.

Ọkọ mi bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Fíjì, ó ní òun á padà wá mú mi. Mi ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ títí dòní. Mo kó padà sórí ilẹ̀ bàbá mi, mo kọ́ ahéré ewé kan síhà ọ̀sà, mo tọ́jú bàbá wa títí tó fi kú, mo sì ń tọ́jú Sepola ìyá wa.

Lotoala, àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbà tó máa dé, ó mú ìyàwó kan dé láti Kiribati. Rakera. Ó ga, ojú ẹ̀ le, kò sì tíì gbọ́ èdè wa dáadáa nígbà náà. Lọ́jọ́ tó dé, mo dì mọ́ ọn, mo kí i káàbọ̀. Ó wo ahéré mi lókè wo ó nílẹ̀, ó bi ọkọ ẹ̀ pé:

"Ṣé ibẹ̀ lẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ sí ni?"

Lotoala rẹ́rìn-ín. Ó ní kò gbọ́ èdè ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Lotoala fi sọ pé òun máa kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún ẹbí. A pé jọ sábẹ́ igi. Bàbá Tauati, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bíríkìlà tí gbogbo erékùṣù mọ̀, fi igi ya ilé náà sórí yanrìn.

"Yàrá ẹ̀yìn, ti Sepola. Yàrá ìhà ọ̀sà, ti Lotoala àti ìyàwó ẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?" mo ní.

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ilà orí yanrìn.

"Ahéré mi lẹ máa wó kẹ́ ẹ tó rí ibi kọ́ yàrá ìhà ọ̀sà yẹn. Níbo lẹ ní kí n wọ̀?"

Lotoala ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìdáná tóbi. Ẹ fara mọ́ ọn fúngbà díẹ̀. Tí ọkọ yín bá ti dé..."

"Ọkọ wo?" Rakera ló béèrè.

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, nítorí kò tíì sí ẹni tó sọ ìtàn mi fún un. Ṣùgbọ́n Malofou, ọmọ Bàbá Tauati, aláwàdà ẹbí, bú sẹ́rìn-ín. Ni àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Mo jókòó sáàárín ẹ̀rín yẹn bí ẹni jókòó sínú iná.

Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi wó ahéré mi. Rakera bá wọn fa ewé ẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló wá, bí a ti ń ṣe é níbí: àwọn ọkùnrin ń po sìmẹ́ǹtì, àwọn obìnrin ń ru yanrìn, àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń bú ẹni tí kò ṣe dáadáa. Àsìkò yẹn ni òjò kọ̀. Oṣù kan, oṣù méjì, ojú ọ̀run funfun báláú. Àwọn àgbààgbà ìlú ti táńkì gbogbogbò pa, wọ́n ní garawa méjì lóòjọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Táńkì ẹbí wa ní tiẹ̀, a fi àgádágodo kọ́ ọ.

Bàbá Tauati mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn.

"Melali, ìwọ ni mo fọkàn tán jù nínú wọn. Omi òjò nìkan ni kó o máa gbé wá fún sìmẹ́ǹtì mi. Tí òǹgbẹ bá ń gbẹ wá, a ó mu àgbọn. Omi ọ̀sà ń jẹ irin tó wà nínú kọnkéré. Ẹ ò ní rí i lónìí, ẹ ò ní rí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́."

Rakera jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́. Òun náà gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré tó máa jókòó sórí fèrèsé ńlá yàrá ìhà ọ̀sà, mo wà nídìí táńkì láti òwúrọ̀. Omi inú ẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Rakera gbé garawa dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi lómi díẹ̀. Mo fẹ́ fọ irun."

"Irun kẹ̀? Àwọn èèyàn ń fahọ́n lá ètè, ìwọ fẹ́ fọ irun?"

"Omi ọkọ mi ni."

"Ọkọ ẹ ló rọ òjò ni?"

"Òun ló ra táńkì."

Òótọ́ ni. Nítorí pé òótọ́ ni, mo wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn ún ju bí òótọ́ yẹn ti dùn mí lọ.

"Fi omi sílẹ̀ fún ilé tó lọ́mọ," mo ní. "Ta lo fẹ́ fọ irun fún? Ọdún méjì lo ti wà lórí ẹní àbúrò mi. Ẹní ti gbó, a ò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ lórí ẹ̀."

Ó gbé garawa sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ilé tó lọ́mọ," ó ní. "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ọmọ tiyín hàn mí."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ rí tí ẹ ò bímọ, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn bá mi.

Malofou ń pariwo látòkè. "Omi! Omi dà? Sìmẹ́ǹtì fẹ́ gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ọ̀sà kò jìnnà sídìí táńkì, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Igbó kékeré kan ló bo ọ̀nà. Mo dúró, mo ń wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo ń wo omi tó ń dán yinrinyinrin láàárín ewé. Mo sọ fún ara mi pé orí fèrèsé tirẹ̀ ni, igi kọnkéré kan péré, kó kàn sán díẹ̀, kí páànù máa jò sórí ẹní tó ń fi ṣe fọ́ńté. Ẹnì kan nínú mi ní, "Melali, má ṣe é." Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, àbí èmi?"

Garawa mẹ́fà ni mo pọn lọ́sà.

Mo fi ewé bo ojú wọn, mo rù wọ́n dé ibi iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀kẹta, Malofou, tí eruku sìmẹ́ǹtì ti sọ di òkú tó jí, nawọ́ sí garawa náà.

"Jẹ́ kí n fi ṣan ẹnu díẹ̀."

Mo gbá a lọ́wọ́.

"Gbé ẹnu ẹ tó ń rùn yẹn kúrò! Ilé là ń kọ́, a ò bọ́ ẹlẹ́dẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn, Malofou ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Mo ju àgbọn kan sí i, ó mu ún, ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí wọ́n da kọnkéré yẹn tán, Bàbá Tauati fi ọwọ́ tó dọ̀tí kàn mí léjìká.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ọjọ́ tí a wọ ilé náà, a pa ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta. Kókò pulaka wà, ẹja wà, ẹmu àgbọn wà, pásítọ̀ gbàdúrà títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí a jẹun tán, Rakera dìde. Èdè wa ti yọ́ lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gba yàrá ìhà ọ̀sà. Atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn á dára fún yín tẹ́ ẹ bá ń hun ẹní. Èmi àti ọkọ mi á wà lẹ́yìn."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá mi sunkún, ó fà á mọ́ra. Ojú Rakera kò sí lára ìyá mi. Èmi ló ń wò, láti orí èjìká ìyá mi.

Mo rò pé ó ń fi yàrá tí mi ò rí gbà ṣe yẹ̀yẹ́ mi ni.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti dìde. Ká ní mo ya ẹnu lọ́jọ́ náà, ìtìjú ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Wọn ì bá fọ́ igi kọnkéré yẹn kí irin ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìyàwó wa mà ṣeun o."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi pè mí. "Gbé ẹní ẹ wá, Melali. Yàrá yìí tóbi ju èmi nìkan lọ."

"Màmá, ilé ìdáná ló bá mi lára mu."

"Pẹ̀lú èéfín yẹn?"

"Ó ti mọ́ mi lára."

Ó wò mí títí. Ó rò pé mo ṣì ń bínú sí òun nítorí ẹ̀rín ọjọ́sí. Kò pè mí mọ́.

Ṣùgbọ́n Rakera ò dákẹ́. Tó bá ti rí i pé àwọn èèyàn pọ̀ dáadáa, á gbé e síta. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní lọ sùn ti Màmá ni? Àbí ẹ̀rù ilé búlọ́ọ̀kù ń bà yín?"

"Máa bá oorun tìẹ lọ," mo máa ń dá a lóhùn.

Ọdún mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Bàbá Tauati ló ń fi omi ọ̀sà dẹ́rù bà wá. Ní ọdún kẹrin, mo rí ilà pupa kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí fèrèsé, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń jò látimú.

Mo sun òkúta òkun, mo lọ̀ ọ́, mo fi kun ògiri náà funfun. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pupa yọ padà. Mo tún kun ún. Àwọn aládùúgbò ń yìn mí. Ìyá mi ń sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi fẹ́ràn ilé yìí o."

Mo tún ń sún ẹní ẹ̀. Tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá wọ́ ẹní náà lọ sí kọ̀rọ̀ kejì, jìnnà sí fèrèsé. Tó bá dé, á wọ́ ọ padà.

"Ta ló ń gbé ẹní mi kiri? Òkùnkùn ni kí n máa hun nǹkan sí ni?"

Lọ́dún kẹfà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ń họ àgbọn nílé ìdáná, mo gbọ́ tí nǹkan kan bọ́. Ariwo ẹ̀ kò tó bí mo ti máa ń rò ó. Igbe ìyá mi ló tẹ̀ lé e.

Àfọ́kù kọnkéré kan tó tóbi tó orí màlúù ti já bọ́ látorí fèrèsé. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi wà lábẹ́ ẹ̀, òun àti ẹní tó ń hun lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ṣe ohun tó lè ṣe. Ọkọ̀ kò dé títí ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, egungun ti so pọ̀ lọ́nà tí kò yẹ. Ìka mẹ́ta ò ká mọ́. Gbogbo erékùṣù yìí, kò sí ọmọge tó lọ sílé ọkọ tí kì í wá bẹ ìyá mi pé kó bá òun hun ẹní. Ó parí síbẹ̀.

Lotoala ti orí òkun dé bí ẹfùùfù. Ó pe gbogbo ẹbí sínú yàrá náà. Ìyá mi wà lórí ẹní, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú aṣọ funfun.

Malofou ló kọ́kọ́ dojú kọ. "Ìwọ! O ta nínú sìmẹ́ǹtì mi, o fi yanrìn dí i!"

"Èmi? Kí àrá sán pa mí tí mo bá ta ìwọ̀n ìkúùkù kan!"

"Ìgbà wo ni àrá sán pa olè lórí erékùṣù yìí rí?"

Wọ́n so mọ́ ara wọn lọ́rùn. Nígbà tí a là wọ́n, Lotoala kọjú sí bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin yẹn.

"Bàbá Tauati, ẹ ti darúgbó. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi iṣẹ́ sílẹ̀, tẹ́ ẹ fi fẹ́ pa ìyá mi?"

Mo gbọ́ ọ, mi ò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí kọnkéré ti já, ẹni méjì ti lọ gba iṣẹ́ wọn padà lọ́wọ́ bàbá náà. Àwọn kan ti ń pè é ní Tauati Apànìyàn. Mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Bàbá Tauati bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú wóro kan nínú àfọ́kù náà, ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sẹ́nu, ó lá a.

Ó tu itọ́ sílẹ̀.

"Iyọ̀," ó ní.

Ó wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló gbé omi wá lọ́jọ́ yẹn?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sáré ju ọgbọ́n mi lọ. "Yanrìn ni! Ṣebí etí òkun lẹ ti kó yanrìn! Kí ni kò ní níyọ̀ nínú ẹ̀?"

Bàbá Tauati rìn lọ sí ògiri kejì, ó họ ọ́, ó lá a. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ṣe bákan náà. Ó padà wá.

"Yanrìn kan náà la fi kọ́ gbogbo ilé. Òjò ti fọ̀ ọ́ kí ọ̀dá tó dé. Orí fèrèsé yìí nìkan ló níyọ̀. Melali, ta ló gbé omi wá?"

"Mi ò mọ̀..."

"O mọ̀." Rakera ló sọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ tó ti dé ilé wa, bó ti wù ká jà tó, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní "o". "Garawa mẹ́fà. O gba inú igbó lọ, o fi ewé bò ó. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń sunkún nítorí ọ̀rọ̀ tó o sọ sí mi. Mo rí ẹ."

Lotoala wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ló ń pa. Ẹ sọ fún mi pé irọ́ ló ń pa."

Ó ń bẹ̀ mí ni. Mi ò lè sọ ọ́.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà là sí mi lórí. "O rí mi?" mo pariwo. "O mọ̀, o sì gbé ìyá wa sábẹ́ ẹ̀! Ìwọ lo gbé yàrá yẹn fún un! Aṣebi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni," Rakera ní. "Ta ló máa gba àjèjì gbọ́ nígbà náà? Mo ní jẹ́ kí n wò ó. Mo sọ fún ara mi pé ìyá tó bí ẹ ni, o ò ní jẹ́ kó sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wàá sọ̀rọ̀. Mo dúró dè ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ẹ́ bóyá o ò ní lọ sùn ti Màmá. Ṣe ni ò ń kun ògiri."

"Ìwọ náà ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ń sùn nílé ìdáná."

Lotoala jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Bàbá Tauati ṣì di wóro kọnkéré yẹn mú.

Ìyá mi fi ọwọ́ òsì ti ara ẹ̀ dìde.

"Ọ̀kan po ó," ó ní. "Ọ̀kan tẹ́ ẹní mi sábẹ́ ẹ̀. Bàbá Tauati, ẹ gbé mi lọ sílé yín. Mi ò bá àwọn méjèèjì yìí gbé mọ́."

Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára igi.

Lotoala ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní èmi àti Rakera la máa wó yàrá yẹn, àwa méjèèjì la máa tún un kọ́, ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ bá wa gbé garawa. Bàbá Tauati nìkan ló máa jókòó sábẹ́ igi, á máa fi ọ̀pá júwe.

Oṣù márùn-ún la fi ṣe é. Àwọn èèyàn ń wá jókòó wò wá bí ẹni wá wo eré. Ọwọ́ mi bó, tirẹ̀ náà bó. Tí mo bá pọnmi dé, Rakera á ti ìka bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò níṣojú gbogbo èèyàn. Tí òun bá pọn tirẹ̀ dé, èmi náà á tọ́ ọ wò.

"Ó dùn?" á ní.

"Ó dùn ju ẹnu ẹ lọ."

Tí búlọ́ọ̀kù kan bá wọ́, Bàbá Tauati á ní, "Ẹ wó o." A máa wó o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la to ògiri ìhà ọ̀sà kí Bàbá Tauati tó gbà á. Kò fi ohùn rere bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù márùn-ún yẹn. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ará ilé kọ́lé, ẹ gbọ́ tèmi. Tí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ pariwo. Ẹ jà. Ẹ jókòó sórí ilẹ̀ yín, kẹ́ ẹ ní wọn ò ní wó ahéré yín. Wọ́n á pè yín ní oníjà, ó sì san. Èmi dákẹ́, wọ́n ń pè mí ní ọmọ dáadáa, mo sì ń ru garawa.

Nígbà tí páànù gorí ẹ̀, èmi àti Rakera lọ bẹ ìyá mi nílé Bàbá Tauati. A kúnlẹ̀. Ó tẹ̀ lé wa. Ó wọ inú yàrá náà, ó gbé ọwọ́ tí kò ká mọ́ yẹn lé ògiri, ó wo orí fèrèsé títí.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ ṣe é dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa sùn síbẹ̀," ó ní. Ó yípadà, ó gba ọ̀nà ilé Bàbá Tauati lọ, kò wẹ̀yìn.

A dúró síbẹ̀. Lotoala wà lẹ́nu ọ̀nà, àpò ọkọ̀ ẹ̀ ti wà léjìká, nítorí ọkọ̀ ti dé. Ó ní, "Ohun tí Màmá sọ lẹ máa ṣe," ó sì bá ọ̀nà èbúté lọ.

Rakera ló kọ́kọ́ lọ gbé ẹní tiẹ̀ wá. Ó dúró láàárín yàrá, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ìhà wo lo fẹ́?" ó bi mí, kò wò mí.

"Ìhà tí o ò bá fẹ́," mo ní.

Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fèrèsé. Mo tẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.